Lẹ́ǹsì Canon EF 50mm f/1.8 STM: Ẹ wọn pálọ̀ yín kí ẹ tó rà á

Ẹni tó ń fi fọ́tò yíyà najú, tó ní Canon EOS 200D tàbí 700D pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18-55mm tó bá a wá nínú páálí, kò tíì nílò kámẹ́rà míràn. Lẹ́ǹsì inú páálí yẹn ló ń fi ìyà jẹ ẹ́. Tí ẹ bá fà á dé òpin, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kò lè ṣí ju f/5.6 lọ (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó). EF 50mm STM (STM ni orúkọ irú mọ́tò inú rẹ̀) ṣí dé f/1.8, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Àwòrán tí ẹ fi ISO 6400 (ISO ni nọ́ńbà tí kámẹ́rà fi ń mú ìmọ́lẹ̀ tó kéré pọ̀ sí i) yà lálẹ́ ní àná, ISO 640 ti tó o lórí èyí. Ara awọ ènìyàn ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rí i. Ní ISO 6400, awọ dúdú máa ń rí gbúngbùn-gbungbun bí ẹni pé wọ́n bu iyanrìn lé e; ní 640, ó ń dán, ẹ ó sì rí ibi tí òróró tàn sí lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọdún 2015 ni Canon gbé e jáde, ní iye tí kò tó dọ́là 130 ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ó fúyẹ́, gíráàmù 160 péré. Irin ni ìdí rẹ̀ tó wọ ara kámẹ́rà, fílítà 49mm ló ń lò, ó sì lè sún mọ́ nǹkan dé sẹ̀ǹtímítà 35. Abẹ́ méje ló ń pa ihò rẹ̀ dé, ìdí nìyẹn tí àwọn iná kéékèèké tó wà lẹ́yìn ènìyàn fi máa ń jáde ní roboto.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kábàámọ̀ ni ìjìnnà. Sẹ́ńsọ̀ inú 200D, ìyẹn ohun tó ń gba àwòrán, kéré ju fíìmù àtijọ́ lọ, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 22.3mm lọ. Nítorí náà, 50mm á máa ríran bí 80mm ṣe ń ríran lórí fíìmù náà, ó ń fa nǹkan mọ́ra. Láti ya ènìyàn tó ga ní mítà 1.7 láti orí dé ẹsẹ̀, kí kámẹ́rà sì wà lóòró, ẹ ní láti fi mítà mẹ́rin ó lé díẹ̀ jìnnà sí i. Pálọ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 kò ju mítà 3.7 lọ láti ògiri dé ògiri, ẹ ò sì tíì yọ àga àti ara ẹ̀yin tí ẹ ń yà á kúrò níbẹ̀. Ẹ wá ro ọjọ́ ìkómọ: ènìyàn mẹ́jọ tó dúró ní ìlà kan lè gba mítà mẹ́rin. Kí gbogbo wọn tó wọ inú àwòrán, ẹ ó dúró ní mítà mẹ́sàn-án. Mítà mẹ́sàn-án ti gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ti dé àgbàlá.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ yí lẹ́ǹsì 18-55mm yẹn sí 50, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ òrùka rẹ̀ kó má lè yí mọ́, kí ẹ sì fi ya fọ́tò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Tó bá jẹ́ pé ojú ènìyàn, ọwọ́ ìyá tó ń dirun, ọmọdé tó ń ṣeré lójúde ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ yà, ẹ lọ ra 50mm. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn yín ló ń kan ògiri ní gbogbo ìgbà, EF-S 24mm f/2.8 STM ló bá yín mu. Gíráàmù 125 ni, ó pẹlẹbẹ. Mítà méjì ti tó o fún ènìyàn kan láti orí dé ẹsẹ̀, ènìyàn mẹ́jọ yẹn á sì wọlé ní mítà mẹ́rin àti díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú rẹ̀ kò tó ìdajì ti 50mm, ìyẹn lẹ ó fara mọ́.

Ohun kejì tó ń ba àwòrán jẹ́ ni fífi f/1.8 ya gbogbo nǹkan. Ní mítà méjì, ibi tó máa mú, tó máa hàn kedere, láti iwájú lọ sẹ́yìn kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ. Ní mítà kan, kò pé mẹ́ta: irun ìpéǹpéjú á hàn níkọ̀ọ̀kan, etí á ti di bàìbàì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yan ibi tí yóò wò. Ẹ fi sí àmì kan ṣoṣo nínú àwọn tó wà lójú ihò tí ẹ ń yọjú wò, kí ẹ gbé e lé ẹyinjú tó sún mọ́ yín. Tí ẹ bá sì ti gbé e lé e tán, ẹ má tún yí kámẹ́rà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí ìyípadà kékeré yẹn ti tó láti gbé ẹyinjú kúrò nínú sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta náà. Ìyá tó wé gèlè fẹ́ rí ìṣẹ́po gèlè náà pẹ̀lú; f/4 ní mítà méjì á fún yín ní sẹ̀ǹtímítà 24, ó tó ojú àti gèlè. Ní tiwa, f/2.8 ni ibi tí lẹ́ǹsì yìí ti dára jù fún ènìyàn kan. Ní f/1.8, ìlà àwọ̀ àlùkò máa ń yí etí ìlẹ̀kẹ̀ àti ohun tó ń kọ mànà ká, ní f/2.8, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ.

Tí léèsì funfun bá kún inú àwòrán, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì ṣú. Ẹ gbé exposure compensation (ohun tó ń mú kí àwòrán mọ́ sí i tàbí kó ṣú sí i) sí +2/3, kí ẹ sì máa wo bóyá ibi funfun ń ṣẹ́jú lórí gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà. Tó bá ń ṣẹ́jú, ẹ padà sí +1/3. Lábẹ́ gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú, ẹ fi ṣọ́tà (iye àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé) sí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá. Iná ìjọba ń lọ ní 50Hz, gílóòbù bẹ́ẹ̀ a sì máa ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣọ́tà tó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ á mú kí àwòrán kan mọ́, kí èyí tó tẹ̀lé e ṣú tàbí kó pọ́n. Níta, 1/250 ni fún ọmọ tó ń sáré. Lẹ́ǹsì yìí kò ní ohun tó ń dá ọwọ́ gbígbọ̀n dúró, nítorí náà, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 1/80 láìní ẹsẹ̀ kámẹ́rà.

Àléébù rẹ̀ tó le jù wà ní imú rẹ̀. Nígbà tó bá ń wo ohun tó sún mọ́, imú náà máa ń yọ síta, tí ẹ bá sì pa kámẹ́rà, lórí àwọn kámẹ́rà kan, ibi tó wà ló máa dúró sí. Iná ló ń yí i, òrùka ọwọ́ kò ní í ṣe nǹkan kan tí kámẹ́rà bá ti kú. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tì í wọlé lè ba jíà inú rẹ̀ jẹ́. Kí ẹ tó pa á, ẹ wo nǹkan tó jìnnà, ilé òdìkejì tàbí ọ̀run, kó fúnra rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra tòkunbọ̀, ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí níbòmíràn, ẹ ka orúkọ tó wà ní iwájú rẹ̀ dáadáa. EF 50mm f/1.8 II ti ọdún 1990 jọ ọ́, ṣùgbọ́n ike ni ìdí rẹ̀, fílítà rẹ̀ 52mm, abẹ́ rẹ̀ márùn-ún, mọ́tò rẹ̀ sì ń pariwo. Ilé-iṣẹ́ Yongnuo náà ń ṣe tirẹ̀ tó wọ kámẹ́rà Canon. Ẹ má san owó STM fún èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù gba ẹ̀yìn lẹ́ǹsì, kí ẹ wo inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Eruku díẹ̀ kò ní í hàn nínú àwòrán. Èébu ni kí ẹ sá fún, ó máa ń ta gbòǹgbò bí okùn aláǹtakùn lórí gíláàsì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ rúlà sórí tábìlì, ẹ jókòó sí bíi mítà kan ààbọ̀, ẹ gbé ojú kámẹ́rà lé nọ́ńbà 15 ní f/1.8, kí ẹ yà á ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Tó bá jẹ́ 17 tàbí 13 ló ń mú ní gbogbo ìgbà, kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì yẹn kò bára wọn mu. Lórí 200D, ẹ lè máa fi gíláàsì ẹ̀yìn wo nǹkan dípò kí ẹ máa yọjú lójú ihò, àṣìṣe náà kò sí níbẹ̀. Tí àmì àṣìṣe Err 01 bá jáde lórí kámẹ́rà, ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó mọ́ nu àwọn ojú irin ìdí lẹ́ǹsì kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti bàjẹ́.

Kò ní rọ́bà tó ń dí omi àti eruku lọ́nà. Nígbà ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì lójúde. Nígbà òjò, inú ike tó dé pa ni kó máa gbé, pẹ̀lú àwọn àpò silica gel kéékèèké tí wọ́n máa ń kó sínú páálí bàtà, kì í ṣe inú báàgì tó rin.

Tí tiyín bá jẹ́ Nikon D3500, AF 50mm f/1.8D kò ní í wá ojú fúnra rẹ̀ lórí rẹ̀, torí kámẹ́rà náà kò ní mọ́tò tó ń yí lẹ́ǹsì. AF-S 50mm f/1.8G ni kí ẹ béèrè. Canon R50 àti R10 á gba lẹ́ǹsì EF, bí ẹ bá ní ádápítọ̀ EF-EOS R. Kí ẹ tó san owó ádápítọ̀, ẹ wo iye tí wọ́n ń ta RF 50mm f/1.8 STM, èyí tó wọlé tààrà.