Páànù Onírin Tí A Fi Síǹkì Bò àti Páànù Alumíníọ̀mù

Méjèèjì lè jọra lójú nínú ìsọ̀, ṣùgbọ́n òòfà kékeré kan yóò fi ìyàtọ̀ hàn: ó máa lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ páànù onírin, kò sì ní lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù rárá.

Síǹkì tí wọ́n fi bo irin kì í ṣe aṣọ lásán. Òun ni omi àti afẹ́fẹ́ ń jẹ dípò irin, débi pé bí ìṣó bá tilẹ̀ ha páànù náà lára, ojú ibẹ̀ kì í tètè dógùn-ún. Ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun sì ń tètè jẹ ẹ́ tán. Etí tí wọ́n ti gé páànù ni àwọ̀ pupa bí osùn sábà máa ń kọ́kọ́ yọ sí.

Alumíníọ̀mù ń dáàbò bo ara rẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, awọ tín-ín-rín kan a bò ó, bí a bá sì ha á, òmíràn a tún yọ. Ó fúyẹ́: ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin tó tóbi bákan náà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó rọ̀, ó wọ́n, omi sìmẹ́ǹtì tútù sì ń jẹ ẹ́.

Ní Àgbádárìgì, alumíníọ̀mù ni èmi yóò fi bolé. Ní Ìsẹ́yìn tó jìnnà sí òkun, onírin ti tó.