Wáyà irin àbí okùn Dyneema: èwo ni kí ẹ ní kí wọ́n dì sórí wíǹṣì yín?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ wọ oko láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Ẹni tó ti pinnu láti ra wíǹṣì oníbátírì, ìyẹn ẹ̀rọ iwájú ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ jáde bó bá rì, fún Hilux tàbí Land Cruiser rẹ̀, mi ò ní fi ohun tí gbogbo ayé mọ̀ dá a dúró. Ẹ mọ̀ pé agbára wíǹṣì yẹ kó tó ìlọ́po kan àbọ̀ ìwúwo ọkọ̀ tòun ti ẹrù inú rẹ̀. Hilux tí iṣu kún súnmọ́ tọ́ọ̀nù 3, nítorí náà wíǹṣì 9,500 pọ́ùn, ìyẹn tọ́ọ̀nù 4.3, ń là á já ni. 12,000, ìyẹn tọ́ọ̀nù 5.4, ló fọkàn ẹni balẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ìpele àkọ́kọ́ ohun tó wé mọ́ àgbá wíǹṣì ni nọ́ńbà yẹn wà fún, pé ó ń dín kù bí ìpele bá ṣe ń gun orí ara wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í bi ọlọ́jà léèrè dáadáa ni ohun tó wé mọ́ àgbá náà. Wíǹṣì kan náà, mọ́tọ̀ iná kan náà, ṣùgbọ́n wáyà irin ló wà lára ọ̀kan, okùn tí wọ́n fi fọ́nrán ike hun, tí wọ́n ń pè ní Dyneema, ló wà lára èkejì. Mo ti lo méjèèjì. Wáyà ló wà níwájú ọkọ̀ mi báyìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí àwọn tí kò ní àríyànjiyàn. Ìwúwo: wáyà mìlímítà 9.5 tó gùn ní mítà 30 lé ní kílò 10, okùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò tó kílò 2. Okùn ló jẹ. Agbára: okùn ojúlówó tó jẹ́ mìlímítà 10 lè dé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 9 kó tó já, wáyà 9.5 ń já ní nǹkan bíi 6.5. Okùn tún jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wíǹṣì tí kò lè fà ju 5.4 lọ kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé 9 wá. Wáyà tó ti gbó máa ń yọ ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó ń ya àtẹ́lẹwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ. Owó: okùn wọ́n ju wáyà lọ dáadáa.

Ní ti ewu, mi ò ní tan yín. Wáyà tó bá já nígbà tó le gbọn-in máa ń fò padà, ó sì lè ṣe ènìyàn léṣe débi ikú. Okùn fúyẹ́, kì í kó agbára tó bẹ́ẹ̀ jọ sára, bó bá já, ó sábà máa ń balẹ̀ ni, àfi tí ìkọ́ irin ẹnu rẹ̀ bá bá a fò. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré nílẹ̀ wa, torí bí ọkọ̀ bá rì, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀ ni èrò ti yí i ká: àwọn tó ń bọ̀ láti oko, ọmọ ilé ìwé, ọlọ́kadà tó fẹ́ gbà yín nímọ̀ràn. Ẹni tí kò bá lè lé èrò, okùn ni kó rà. Èmi máa ń fi omi rin àpò ìdọ̀họ, màá gbé e lé àárín wáyà kó má bàa rí ibi fò sí, màá sì bẹ àgbà kan níbẹ̀ pé kó bá mi kó àwọn ọmọ jìnnà ju gígùn wáyà lọ. Wọ́n ń gbọ́ ti àgbà. Wọn kì í gbọ́ ti awakọ̀.

Ibi tó ti ná mi lówó ni ti ojúlówó àti ayédèrú.

Àbújá ni mo ti ra okùn tèmi, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ohun èlò ọkọ̀. Ọmọkùnrin náà bu omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gé okùn náà díẹ̀, ó sọ ọ́ sínú omi. “Ẹ wò ó, ọ̀gá, kò rì. Dyneema kì í rì. Ayédèrú ló máa ń rì.” Òótọ́ ni gbólóhùn àkọ́kọ́ àti èkejì. Ẹ̀kẹta ni irọ́ wà. Mo ní, “Àbúrò, o ṣeun,” mo sanwó.

Nígbà òjò, lójú ọ̀nà oko kan lẹ́yìn Ìsánlú, ọkọ̀ rì dé báńpà pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn. Wíǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í fà, okùn bẹ̀rẹ̀ sí í nà, ó ń tínrín lójú gbogbo wa, ó já. Igi ẹmì tí a so ó mọ́ kò tilẹ̀ mì. Katakata ló fà wá jáde lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ni ín sì mọ̀ pé a ò ní ibòmíì tí a lè lọ nígbà tó ń dárúkọ iye tó fẹ́ gbà.

Mo mú èyí tó kù lọ bá àwọn tó ń ta okùn àti àwọ̀n fún apẹja létí odò ní Lọ́kọ́ja. Ìyá àgbà kan kàn fọwọ́ rà á. Ó ní, “Okùn tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ ojú omi nìyí, ọmọ mi. Mélòó lo fẹ́?”

Polypropylene ni, irú ike mìíràn. Òun náà kì í rì, torí ó fúyẹ́ ju omi lọ, kódà ó fúyẹ́ ju Dyneema gan-an lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lè tú àṣírí náílọ́ọ̀nù àti polyester tí wọ́n máa ń rì. Kò lè tú ti polypropylene. Bẹ́ẹ̀ sì ni, tó bá jẹ́ mìlímítà 10, kì í sábà kọjá nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ kó tó já. Fífi iná ìṣáná dán an wò náà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: méjèèjì ló ń yọ́, ooru tó ń yọ́ wọn kò sì jìnnà síra.

Nínà ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ so mítà 10 mọ́ òpó tó dúró ṣinṣin, kí ọkùnrin mẹ́ta tó lágbára jọ fà á. Dyneema á le, á sì dúró síbẹ̀. Polypropylene á máa nà bíi rọ́bà. Ẹ tún ta á ní kókó: ara Dyneema ń yọ̀ gan-an, kókó rẹ̀ kì í di, á máa yọ kúrò bí ẹ bá ti ń fà á. Àwọn kan á ní kí ẹ wò bóyá ẹ̀ka 12 ni wọ́n hun pọ̀ tí inú rẹ̀ ṣófo tó fi ṣeé ti bírò wọ̀. Ó dára kí ẹ wò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó lè hun polypropylene ní ẹ̀ka 12 pọ̀ lọ́jà. Ọlọ́jà wo ló sì máa gbà kí ẹ fi okùn rẹ̀ ṣe gbogbo eré yìí níwájú ìsọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó?

Wáyà burúkú wà lọ́jà o, kì í ṣe pé kò sí. Ṣùgbọ́n ojú lásán lẹ fi ń rí i. Èyí tó dára fún wíǹṣì ní ìdì 7, fọ́nrán 19 sì wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ẹ tú etí rẹ̀, ẹ kà á. Ẹ wọn bó ṣe nípọn tó. Ìpata hàn, fọ́nrán tó ti já hàn, ibi tó ti ká rí náà hàn, èyí sì ni kí ẹ kọ̀ pátápátá, torí ibẹ̀ kò ní lágbára mọ́ títí ayé. Gbogbo rẹ̀ ni ẹ máa mọ̀ kí ẹ tó kúrò lọ́jà.

Kódà tó bá jẹ́ ojúlówó okùn lẹ rí, ilẹ̀ pupa wa kò fẹ́ràn rẹ̀. Yangí wẹ́wẹ́ inú ẹrẹ̀ máa ń wọ àárín fọ́nrán, á sì máa gé e láti inú nígbàkigbà tí wíǹṣì bá fà. Ẹ ní láti fà á jáde tán, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a síbòòji, lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ ẹrẹ̀. Oòrùn náà ń jẹ ẹ́, ẹ rán ìbora fún un. Etí àpáta lè gé e. Wáyà kàn máa ha àpáta ni.

Ooru tún wà níbẹ̀. Nínú àgbá gan-an ni búréèkì ọ̀pọ̀ wíǹṣì òde òní wà. Bí ẹ bá fi wíǹṣì rọra sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, búréèkì á gbóná, àgbá á gbóná, okùn tó dì mọ́ ọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ agbára nù láti nǹkan bíi 70 ní ìwọ̀n Celsius. Tó bá tó 150, ó ti yọ́. Wáyà ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Wíǹṣì Warn M8274, tó ti wà láti 1974, gbé búréèkì tirẹ̀ síta àgbá; ẹni tó bá rí irú rẹ̀, okùn bá a mu.

Àtúnṣe nínú igbó: ẹni tí wọ́n bá fi hàn lẹ́ẹ̀kan lè fi ọwọ́ lásán hun okùn tó já padà, iṣẹ́ rẹ̀ á sì mọ́ ju ti wáyà lọ. Wáyà ní tirẹ̀ nílò kílíìpù mẹ́ta fún ojú ìkọ́, tí ẹ máa rí ní ìsọ̀ onírin èyíkéyìí. Kí irin tó tẹ̀ kọdọrọ wà lórí etí kúkúrú, kì í ṣe lórí èyí tó ń fa ẹrù.

Ẹ má sì gba okùn kọjá láàárín rólà ẹnu wíǹṣì tí wáyà ti ha tẹ́lẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ẹnu alumíníọ̀mù tó dán síbẹ̀.

Èwo ni mo wá fọwọ́ sí? Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ẹni tó lè ra okùn lọ́wọ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gan-an, tí búréèkì wíǹṣì rẹ̀ wà níta, tó ní omi àti sùúrù láti máa fọ̀ ọ́, kó ra okùn, yóò gbádùn rẹ̀. Ẹni tó ń ra tirẹ̀ lọ́jà bíi tèmi, tó ń kó iṣu àti kaju kọjá yangí, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn sínú oòrùn, wáyà mìlímítà 9.5 ni kó bèèrè.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ tú u títí tó fi ku ìyípo márùn-ún lórí àgbá, ẹ so ìkọ́ mọ́ igi tó ta gbòǹgbò lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré, kí wíǹṣì fa ọkọ̀ gùn ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí wáyà lè wé mọ́ra pinpin. Olókùn náà gbọ́dọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ìyípo mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni kí tirẹ̀ ṣẹ́kù, torí okùn máa ń yọ̀ lórí àgbá.