Inú ẹ̀wọ̀n ìràwọ̀ márùn-ún, ìta ìràwọ̀ méjì

Mo fẹ́ kọ nípa ibì kan tí kò sẹ́ni tó máa gbàdúrà kí èèyàn ẹ̀ dé, àmọ́ àbúrò mi ọkùnrin débẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwa ọmọ Yorùbá tírú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nílé wa n'Amẹ́ríkà yìí ò kéré, a kàn ń bò ó mọ́ra ni. ACI ni wọ́n ń pe ẹ̀wọ̀n náà, Cranston ló wà, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ni mò ń polówó, ìtọ́jú tí wọ́n ń fún àwọn tí heroin àti fentanyl, àwọn oògùn olóró yẹn, ti di bárakú fún níbẹ̀ ni.

2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, láyé Gómìnà Gina Raimondo, CODAC, iléeṣẹ́ kan tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún, ni wọ́n sì gbéṣẹ́ náà fún. Téèyàn bá ti wọlé wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá jẹ́ pé nǹkan yẹn ló ń bá a jà, dókítà á bá a jókòó, wọ́n á jọ mú èyí tó bá a lára mu nínú oògùn mẹ́ta tí wọ́n fi ń tọ́jú bárakú yẹn: methadone tó jẹ́ omi tí wọ́n ń mu, buprenorphine tọ́pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Suboxone, àbí naltrexone tó jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tó ti ń lo ọ̀kan nínú wọn kí wọ́n tó mú un, wọn ò ní já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ká sọ òótọ́, ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn díẹ̀, torí ìpínlẹ̀ tó kéré jù n'Amẹ́ríkà ni, ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀wọ̀n wọn sì wà.

Àbúrò mi ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lórí fóònù. Láàárọ̀ wọ́n á tò, nọ́ọ̀sì á fún wọn ní Suboxone, nǹkan pẹlẹbẹ kan tó fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, abẹ́ ahọ́n ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n á wá jókòó sójú kan, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí omi, títí tó máa fi yọ́ tán. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́dà á tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lẹ́nu, gbé ahọ́n ẹ sókè, ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ, torí àwọn kan máa ń fi pamọ́ síbẹ̀ kí wọ́n lè lọ tà á fún ẹlòmíì. Ó ní, "Àǹtí mi, àfi bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ ra ẹṣin." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi dùn, torí ó pẹ́ tó ti bá mi ṣàwàdà gbẹ̀yìn.

Wọ́n ti mú un rí kó tó dé Rhode Island, ní ìpínlẹ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ, ibẹ̀ paracetamol ni wọ́n jù sí i. Ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, gbogbo eegun ń ro ó, òógùn ń bò ó nínú òtútù, wọ́dà ní ìyẹn á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n wo? Téèyàn bá pẹ́ lẹ́wọ̀n láì lo nǹkan kan, ara ẹ̀ á ti gbàgbé oògùn olóró yẹn, ìwọ̀n tí kì í ṣe é ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ á wá di májèlé, àmọ́ ọkàn ò tíì gbàgbé, ibẹ̀ ló ti ń yíwọ́. Àwọn tó ṣèwádìí nípa àwọn tó jáde lẹ́wọ̀n ní ìpínlẹ̀ Washington gbé e jáde ní 2007 pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ewu pé kí oògùn àlòjù pa wọ́n fi ìlọ́po 129 ju tàwọn ará ìlú yòókù lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Àsìkò tí ẹbí ń ṣe ọpẹ́ pé ọmọ ti délé nìyẹn.

Màmá wa ò kọ́kọ́ gbà o. "Ìyá Ìbejì, ṣé oògùn lẹ tún wá ń fi lé oògùn?" Wọ́n ní ká kó o lọ sílé, pé àwọn mọ ibì kan n'Ìbàdàn. Mo ní Màmá, ẹ rántí ibi táwọn ọlọ́pàá já wọ̀ ní Òjòó ní 2019, tí wọ́n bá ọmọ ọlọ́mọ nínú ṣẹkẹṣẹkẹ, tí wọ́n ń pè é ní ibi ìtọ́jú. Mo wá sọ ti Rhode Island fún wọn: ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ 2016, èèyàn 26 nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́wọ̀n ni oògùn àlòjù pa, ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ 2017 tí ètò yìí ti múlẹ̀, 9 ni. Màmá dákẹ́, wọ́n ní ẹ jẹ́ kó máa lò ó nígbà náà, àwọn á máa gbàdúrà sí i.

Ìràwọ̀ márùn-ún mi nìyẹn. Ìta ló bà á jẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dókítà yòówù tó láṣẹ àtikọ irú àwọn oògùn bẹ́ẹ̀ lè kọ Suboxone fúnni, kò nílò ìwé àṣẹ àkànṣe mọ́, àmọ́ ilé oògùn tí mo mú un lọ ní àwọn ò ní in nílẹ̀, ká padà wá Mọ́ńdè, Fúràìdè sì ni o! Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè, nígbà tó rí orúkọ oògùn ló wá gbójú, ojú tó fi wò wá ò dáa. Ilé oògùn kejì ní ìnṣúrànsì ẹ̀ tí wọ́n tì nígbà tó wà lẹ́wọ̀n ò tíì ṣí. Wọ́n ń tọ́jú èèyàn dáadáa nínú àhámọ́, ó wá jáde tán, ó di pé à ń bẹ akọ̀wé. Méjì tí mo fún wọn yẹn gan-an, torí ọkùnrin kan nílé oògùn kejì yẹn tó bá wa pe ìnṣúrànsì títí wọ́n fi gbé e ni.

Ẹ̀yin tẹ́yin náà ní èèyàn níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti mọ ọjọ́ tó máa jáde, ẹ pe ilé oògùn ṣáájú, ẹ bi wọ́n bóyá ó wà nílẹ̀, kí wọ́n fi pamọ́ fún un, kẹ́ ẹ sì bi ìnṣúrànsì bóyá wọ́n ti ṣí i padà. Tó bá jẹ́ methadone ni, ilé oògùn lásán ò ní fún yín, kílíníìkì tó láṣẹ ni, àárọ̀ kùtù ni wọ́n sì sábà máa ń ṣí, kẹ́ ẹ wá bí á ṣe máa débẹ̀. Ẹ ra Narcan sílé pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń fín símú ẹni tó bá ti lo oògùn jù, kò nílò ìwé dókítà mọ́, bíi dọ́là 45 ni ti méjì. Ti wa wà lórí fíríìjì, àwọn ìbejì gan-an mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.