Ẹ ṣọ́ra fún oní-rọ́bà kọ́tà gíláàsì Ìjàpá: férémù àtijọ́ yín ló ń wá

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tí ẹ ṣì ń wa Volkswagen Ìjàpá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin kan wà tó ń pe àwọn tó ní Ìjàpá lórí fóònù. Ó ní òun ń ta rọ́bà kọ́tà gíláàsì, ìyẹn gíláàsì kékeré onígun mẹ́ta tó ń ṣí níwájú ilẹ̀kùn, tọ̀tún tòsì, "ojúlówó láti Brazil". ₦45,000 ló gbà lọ́wọ́ mi. Ẹnu rẹ̀ dùn, "ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pè mí bí ẹni pé ìyá kan ló bí wa.

Bàbá mi ló ra mọ́tò yìí, mọ́dẹ́lì 1972, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú rẹ̀, kọ́tà gíláàsì yẹn ni fáànù wa. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ń rọ̀, omi á máa kán sí mi lórúnkún láti Mọ́kọ́lá dé Mòlété, torí rọ́bà tó yí gíláàsì náà ká ti gbó. Mo wá pinnu pé n óò tún un ṣe fúnra mi nílé. Iṣẹ́ náà kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Ẹ ó yí gíláàsì ńlá wálẹ̀, ẹ ó yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn àti ọwọ́ tí a fi ń yí gíláàsì, ẹ ó ká pátákó inú ilẹ̀kùn kúrò, ẹ ó tú àwọn ìdè tó di férémù mú, ẹ ó sì fà á jáde pẹ̀lú irin òòró tó pààlà sáàárín gíláàsì méjèèjì. Ibi tó ń fẹ́ sùúrù ni rífẹ́ẹ̀tì òkè tí gíláàsì fi ń yí. Díríìlì ni ẹ ó fi lu orí rẹ̀ kúrò, tí ẹ bá sì kánjú, férémù á bàjẹ́. Nísàlẹ̀, sípíríǹgì àti nọ́ọ̀tì ló ń jẹ́ kí gíláàsì dúró síbi tí ẹ bá ṣí i dé. Ẹ kó wọn sínú agolo mílíìkì. (Tèmi yí wọ abẹ́ àga, ìyàwó mi ló bá mi rí i.)

Nígbà tí mo pe ọkùnrin náà, ó ní kí n kó férémù àti rọ́bà àtijọ́ pàdé òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Gate, "kí n lè fi wé tuntun, kí n má baà kó ti mọ́tò mìíràn fún yín". Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Mo kó o fún un, mo sanwó. Lọ́jọ́ kẹta, ọlọ́kadà kan gbé àpò wá: rọ́bà méjì, pẹ̀lú férémù tí ọkùnrin náà ní òun ti bá mi fọ̀.

Férémù mi kọ́. Kùrómù ni tèmi. Irin onípáàrà tí wọ́n fi ọ̀dà fàdákà kùn lèyí. Èékánná ni mo fi ha á, ọ̀dà náà ṣí. Àpá tí bàbá mi fi skúrúdíráfà dá sára ti ọwọ́ ọ̀tún lọ́jọ́ tí kọ́kọ́rọ́ há mọ́ inú mọ́tò, kò sí níbẹ̀.

Rọ́bà ńkọ́? Mo ká a lẹ́ẹ̀kan, ó sán. Kò ní ihò tí pín ìsàlẹ̀ tí gíláàsì fi ń yí máa gbà kọjá, ti ọwọ́ òsì sì ni méjèèjì.

Èyí tó dùn mí jù ni pé irọ́ rẹ̀ ti hàn nínú ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ. Jámánì fẹ ojú gíláàsì Ìjàpá láti mọ́dẹ́lì 1965, irin òòró ẹ̀gbẹ́ kọ́tà gíláàsì sì wá fara tì sẹ́yìn díẹ̀. Brazil kò bá wọn yí i, gíláàsì kékeré ti àtijọ́ ni wọ́n ń bá lọ. Rọ́bà Brazil, kódà kó jẹ́ ojúlówó, kò lè bá Ìjàpá Jámánì 1972 mu. Ẹni tó bá sọ fún yín pé tòun wọ gbogbo Ìjàpá, ẹ ní kó dárúkọ ọdún àti ìlú tí wọ́n ti ṣe é.

Mo wá ṣọ́ọ̀bù tó ní òun ní lọ sí Gate. Ẹnikẹ́ni ní ìlà yẹn kò mọ̀ ọ́n. Bàbá àgbà kan rẹ́rìn-ín, ó ní èmi ni ẹnìkẹta lóṣù yẹn. Òun ló là mí lójú: férémù kùrómù àtijọ́ ni ọkùnrin náà ń kó jọ, torí àwọn tó ń tún Ìjàpá ṣe láti fi ṣe fáàrí ń wá a lójú méjèèjì. Rọ́bà burúkú yẹn, ìjẹ ẹnu ìwọ̀ lásán ni.

Torí náà, férémù yín ò gbọdọ̀ kúrò nílé. Tí ẹni tó ń tà á bá fẹ́ fi wé nǹkan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ gé bí ínṣì méjì fún un lára rọ́bà àtijọ́. Ẹ fojú ara yín rí rọ́bà tuntun kí ẹ tó sanwó, ẹ ká a, ẹ wò ó bóyá á padà sípò, ẹ wo ihò pín, ẹ rí i pé tọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi tì í wọ inú férémù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á mú un wú.

Nọ́ńbà tó fi pè mí kò lọ mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá rí férémù kùrómù ọwọ́ ọ̀tún tó ní àpá skúrúdíráfà nítòsí ìdè ìsàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí mi. N óò rà á padà.