Wọ́n fún dífù iwájú Hilux mi lágbára, àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ ń fi fọ́ wíìlì (mọ́tò tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà) lọ oko, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kan lápá Ọbántókò rèé, mi ò ní dárúkọ wọn. Láàárọ̀ Sátidé tí mo fẹ́ lọ gbé mọ́tò, ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù wọn sọ fún mi pé "Dádì, ó ti parí, ẹ máa bọ̀". Mo wọ mọ́tò láti Ọ̀dẹ̀dá, mo débẹ̀, mo bá Hilux lórí jáàkì, wọ́n tún ti tú dífù (àpótí gíá tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún ẹsẹ̀ iwájú) sílẹ̀, kíráùn, gíá ńlá inú ẹ̀, wà lórí tábìlì, ọmọ iṣẹ́ kan ń nu ọ́ìlì. Inú bí mi débi pé mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo pariwo. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fà tu wà lóko, tó bá sì ti lé ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta inú ẹ̀ á ti máa dúdú, ta ló fẹ́ rà á?

Ọ̀gá ò fèsì igbe mi. Ó ní "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo eyín yìí". Ó ti fi ọ̀dà kun eyín kíráùn, ó wá yí píníọ̀nù, gíá kékeré tó ń yí kíráùn, lórí ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń kan ara wọn wá hàn: etí lásán ni, kò dé àárín. Ó ní òun lè dé e bẹ́ẹ̀ kí n máa gbé e lọ, mi ò ní tètè gbọ́ ariwo kankan, àmọ́ lọ́jọ́ tí mo bá tún tẹ̀ ẹ́ lórí òkúta lọ́nà Òpéjì, etí yẹn ló máa kán. Ó mú píníọ̀nù mi àtijọ́ wá, mo wò ó, etí náà ló ti kán lóòótọ́. Ara mi bá wálẹ̀.

Mo jókòó tì í títí ó fi ṣe é tán. Ó pààrọ̀ ṣíìmù (irin pẹlẹbẹ tó ń sún un síwá-sẹ́yìn) ìdí píníọ̀nù, ó tún kùn ún, ó tún yí i, ó wá fi dáyà gééjì, irinṣẹ́ tó ń wọn àyè tín-ín-rín, wo àyè tó wà láàárín eyín, 0.15 mm, ó ní kí n fojú ara mi kà á. Àwọn mẹkáníìkì tí mo ti lò, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jì í, wọ́n á ní ó ti wà ńbẹ̀!

Dífù iwájú Hilux ò lágbára tó tẹ̀yìn, kíráùn ẹ̀ kéré, orí bọ́ọ̀ṣì rọ́bà ló sì wà, tẹ́ ẹ bá há sáàárín òkúta tẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ gbogbo ẹ̀ á máa mì. Ó fi bọ́ọ̀ṣì líle síbẹ̀. Sílíìfù (irin roboto oníhò) tó máa ń fún pọ̀ láàárín bíárìn píníọ̀nù, ó yọ ọ́, ó fi irin gidi tí kì í fún pọ̀ rọ́pò ẹ̀. Ọ́ọ̀sì tí dífù fi ń mí, ó fà á gòkè dé ibi ẹ́ńjìnnì kí omi odò má baà wọ inú gíá ọ́ìlì. Èmi fúnra mi ní kó bá mi fi lọ́kà sí i, owó wà lọ́wọ́ mi, ó kọ̀, ó ní tí lọ́kà bá so ẹsẹ̀ iwájú pọ̀, gbogbo agbára lè lọ sórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ṣáàfù tó ń yí ẹsẹ̀ yẹn ló máa já. Ẹni tó lè gbowó tí ò gbà á, mo bọ̀wọ̀ fún un.

Àmọ́ bílì! Wọ́n kọ ₦45,000 owó wẹ́dà síbẹ̀, a ò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mo bi ọmọbìnrin yẹn, ó ní ọ̀gá ló ní kóun kọ ọ́. Mo bi ọ̀gá, ó ní òun ò mọ̀ sí i. Irin tí wọ́n jó mọ́ ibi tí dífù so rọ̀ sí lágbára o, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò pè mí kó tó di pé wọ́n jó o? Ọmọbìnrin yẹn ò sì bẹ̀ mí nítorí irọ́ tó pa lórí fóònù, ó kàn ń tẹ fóònù ẹ̀ lọ. Mo san án torí ẹ̀gẹ́ mi.

Látìgbà yẹn mo ti fi mọ́tò yìí gun òkúta Òpéjì tòun tẹrù lórí fọ́ lò (gíá fọ́ wíìlì tó lọ́ra tó sì lágbára jù), kò dún, kò jo ọ́ìlì.

Máàkì: 5 nínú 5. Mo sì fẹ́ gba ₦45,000 mi padà.