Kíníkì tó tọ́jú ọmọ mi ní Ifẹ̀: ọwọ́ wọn dára, owó oògùn ló ń dá wa padà

Aránṣọ ni mí ní Ìjọ̀ká, Iléṣà. Akọ́bí mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́rìndínlógún lọ́dún tó kọjá, SS2 ló wà. Kíníkì ìlera ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ la ti ń lọ láti oṣù kẹsàn-án. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ẹ̀sùn wà lẹ́nu mi, mi ò sì fẹ́ kó bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n fún wọn ní máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni. Méjì tó kù, ọrùn ìjọba ló wà.

Kí a tó débẹ̀, ọmọ yìí ti lo ọjọ́ mọ́kànlélógún ní ilé àdúrà kan. Àìsùn ló fi bẹ̀rẹ̀. Lóru, màá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú pálọ̀, á máa lọ, á máa bọ̀. Ó fi aṣọ bo dígí tí àwọn oníbàárà mi fi ń wo ara wọn, ó ní àwọn kan wà nínú rẹ̀ tó ń pe orúkọ òun. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ayé ló ń ṣe é. Àwọn aládùúgbò ní igbó ló mu. (Nígbà tí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò ní Ifẹ̀, wọn ò rí igbó kankan níbẹ̀.) Ẹni tí irú rẹ̀ ò bá ṣẹlẹ̀ sí rí kò lè mọ bí ìyá ṣe ń gba ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó bá lanu gbọ́. Mo tẹ̀lé wọn, mo san ₦40,000.

Nígbà tí mo lọ wò ó, ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ń sùn sí. Wọ́n ní ààwẹ̀ ni. Egungun èjìká ọmọ mi ti yọ síta, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Àpá náà ò tíì lọ. Ó fẹ̀ tó téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ gẹ́lẹ́, mo mọ̀ torí èmi ni mo ń fi òróró pa á lálaalẹ́.

Èmi tí mò ń ránṣọ, ṣọ́ọ̀bù mi ò tíì pé oṣù kan tí àwọn káńsù fi gbé tíkẹ́ẹ̀tì dé. Ilé tí wọ́n ti ń de ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀ yẹn, ta ló wá a lọ? Ta ló béèrè ẹni tó fún wọn láṣẹ?

Òfin sì wà o. Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ nípa òfin ní Yunifásítì Ifẹ̀ ló jókòó tì mí, tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ló ti bẹ̀rẹ̀, òfin wèrè gan-an ni wọ́n ń pè é. Tuntun yìí sọ ẹ̀tọ́ aláìsàn, ó sì ní kí wọ́n dá àpò owó sílẹ̀ fún ìtọ́jú. Ọmọ àbúrò mi yìí tún kà fún mi pé láàárín 2018 sí 2019, àwọn Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, lọ wo ibi 28 káàkiri Nàìjíríà, ti ìjọba, ti ìbílẹ̀, ti oníṣọ́ọ̀ṣì àti ti Mùsùlùmí, wọ́n sì bá àwọn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè. Mo ní kó dúró ná, kó tún un kà.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ sí Ifẹ̀, ọkọ̀ àárọ̀ la wọ̀, a ti kọjá Òṣú kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Dókítà tó rí wa, obìnrin ni, kò dàgbà púpọ̀. Kò tiẹ̀ wo ojú mi. Ọmọ mi ló kọjú sí, ó ní, "Àbúrò, ṣé kí Mọ́mì jókòó tì wá ni, àbí kí wọ́n dúró níta díẹ̀?" Ọmọ mi ní kí n dúró níta. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti bi í léèrè ohun tó fẹ́.

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, dókítà ṣàlàyé pé àìsàn ni, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, ó sì ní oògùn. Olanzapine ló kọ fún un. Ó ní oorun á máa kùn ún, ebi á sì máa pa á gan-an. Ó ní kí a má dá a dúró fúnra wa bí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ ti yá. Nọ́ọ̀sì gba nọ́ńbà mi, lóòótọ́ ló sì pè mí nígbà tí a pa ọjọ́ kan jẹ: "Ẹ kú ilé mà, a ò rí ọmọ wa."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó sùn mọ́jú. Òun fúnra rẹ̀ ló ká aṣọ kúrò lójú dígí. Ó ti padà sílé ìwé báyìí. Iyán tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń jẹ tẹ́lẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tú ṣòkòtò ilé ìwé rẹ̀ láti fẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà tí a bá lọ.

Ibi tó ti ń dùn mí nìyí. Lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn kì í sí ní fámásì inú ọgbà wọn, ìwé ni wọ́n á kọ fún wa ká lọ rà á níta. Páálí oníhóró 28 ju ₦10,000 lọ. Oṣù kan wà tí owó mi ò ká a. Ọmọbìnrin tó ń ta oògùn mú àlùmọ́gàjí, ó gé sáṣẹ́ẹ̀tì náà láàárín, ó fún mi ní 14. Ojoojúmọ́ ni mò ń gé nǹkan, ṣùgbọ́n ìró àlùmọ́gàjí yẹn ò kúrò létí mi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí 14 yẹn tán, ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò nínú pálọ̀. Wọ́n fẹ́ dá a dúró ní wọ́ọ̀dù, àárín àwọn àgbà ọkùnrin ni bẹ́ẹ̀dì tó wà. Mi ò gbà. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé ìdajì nínú àwọn àìsàn ọpọlọ kì í pẹ́ ju ọmọ ọdún 14 lọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ibo wá ni bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọdé?

Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, àpò mi ni mo fi ń ra oògùn.

Obìnrin kan wà tí a máa ń jókòó pọ̀, àgbẹ̀ ni, ọmọbìnrin rẹ̀ ò ju ọdún mẹ́rìnlá lọ. A ò rí wọn mọ́. Ilé àdúrà ló gbé ọmọ náà lọ. Mi ò dá a lẹ́bi. Ilé àdúrà ń gba iṣu, ó ń gba epo, ó ń gba owó díẹ̀díẹ̀. Fámásì kì í gba iṣu. Owó tí ìjọba ò fi sí ojú fèrèsé fámásì yẹn ló ń kó àwọn ọmọ wa padà sínú ẹ̀wọ̀n, tí kò sì sí ẹni tó ń lọ wo ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣojú wa ní Òṣogbo àti Àbújá, ẹ san owó oògùn àwọn tí kò tíì pé 18, kí ẹ sì rán àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ lọ sí gbogbo ilé tó ń gba aláìsàn ọpọlọ, kí wọ́n wọ inú yàrá ẹ̀yìn.

Ẹni tó bá ń ti Iléṣà lọ, ẹ wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́, torí èrò pọ̀, dókítà ò pọ̀. Ẹ gbé oúnjẹ dání, àti sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn yòówù tí ọmọ bá ti lò. Ẹ jẹ́ kó dá wọlé bó bá fẹ́ dá wọlé. Ọjọ́bọ̀ ni tiwa. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí, pẹ̀lú aṣọ tí mò ń ṣẹ́ létí. Ẹ wá bá mi níbẹ̀.