Ìkìlọ̀ pàtàkì: Ẹ ṣọ́ra fún táyà tírélà tí wọ́n ń pè ní tuntun

Ẹ̀yin ará Texas, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ RV (mọ́tò ńlá téèyàn lè sùn sí bí ilé) àti tírélà mọ́ fún ọlidé àwọn ọmọ, ẹ má tíì yọwó táyà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tójú mi rí. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí.

Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ló ta táyà mẹ́rin fún mi ní Houston. “Bọ̀dá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, tuntun nínú ọ̀rá ni.” $140 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, $560 lápapọ̀, kò sì gba káàdì. Ó fúnra rẹ̀ ló dè wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ tírélà. Mo sì wo táyà náà o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò wò ó! Dúdú kirimú, ó ń dán, irun wẹ́wẹ́ tó máa ń wà lára táyà tuntun ṣì wà níbẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́ kí n wò?

A forí lé Grand Canyon ní Arizona, èmi, ìyàwó àtàwọn ọmọ nínú RV, mọ́tò kékeré wa lórí tírélà lẹ́yìn. Títì márosẹ̀ I-10 la gbà. A ti kọjá Fort Stockton, oòrùn ń jó, kò sílé, kò sígi, Van Horn ṣì jìnnà. Gbàù! Tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọlọ́run nìkan ló bá mi di sítíárì mú. Táyà ti fà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, ó ti fa mọ́gáàdì ya, ó já wáyà iná àti ti bíréèkì. Àwọn ọmọ mi ń ké!

Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ tírélà, tí mo tan iná fóònù, ni mo tó rí iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí. Ní ẹ̀gbẹ́ inú táyà, níbi tójú kò tó, wọ́n kọ DOT, àmì tí wọ́n ń tẹ̀ sára táyà ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn rẹ̀, tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà, sì ni 3216. Ọ̀sẹ̀ 32, ọdún 2016! Ní 2025 ló tà á fún mi! Mo wo àwọn mẹ́ta tó kù, ọdún kan náà ni. Gbogbo wọn ló dojú ọjọ́ orí wọn kọ inú. Ẹ ní kò mọ̀ọ́mọ̀? Rọ́bà tó ti pẹ́ á sán bí wọn ò tiẹ̀ lò ó rí, ooru àti ẹrù á wá parí rẹ̀.

Mo pè é láti ẹ̀gbẹ́ títì. “Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ sáré jù.” Èmi! Máìlì 60 ní wákàtí ni mo wà! Ó ní òun kì í gba ọjà padà. Látìgbà náà kò gbé ìpè mi mọ́. Àbúrò mi ní kí ló dé tí mi ò bèèrè ọdún táyà. Lóru, èmi náà máa ń bi ara mi. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọ abẹ́ tírélà lọ yẹ táyà wò lọ́wọ́ ọmọ ìyá ẹ̀? Ó gbé mi gẹṣin aáyán, ó gbé àwọn ọmọ mi náà!

Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin yẹn kí wọ́n tó de táyà, ẹ ní kí wọ́n kọjú rẹ̀ síta. Kó ní ST lára, ti tírélà nìyẹn. Àwọn kan nínú wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá máìlì 65 ní wákàtí. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀ kí táyà tó gbóná. Ẹ fi gírísì sí bíárìn, ẹ mú sípéà. Káàdì ni kẹ́ ẹ fi sanwó, ẹ gba rìsíìtì.

Ní tèmi, gbogbo àwọn tó ń ta táyà ti di ọ̀kan náà lójú mi, funfun ni o, dúdú ni o. Ẹni tó bá ti ra táyà lọ́wọ́ ọmọ ilé wa kan ní Houston tí kò gba káàdì, kó mú iná lọ́wọ́ lónìí, kó wo ẹ̀gbẹ́ inú.